Ilẹ̀ Àbàtà, Ilẹ̀ Koríko: Kí Ló Yẹ Kí A Dá Padà sí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ìpele kìíní ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti Èkó, kìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ìpele kejì ni yóò gbé e dé Okokomaiko. Gbogbo ẹni tó ń gbé lójú ọ̀nà Badagry ló ń retí rẹ̀, èmi náà sì ń retí rẹ̀. Ilẹ̀ tí ọ̀nà náà ń gbà kọjá ni mo fẹ́ kí a bá sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti Mile 2 lọ dé Ìyànà-Ìbà, yanrìn àti àbàtà ni wọ́n tẹ̀lé ara wọn: ibi gíga díẹ̀ tí omi kì í dúró sí, lẹ́yìn rẹ̀ kòtò gígùn tí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí, lẹ́yìn náà yanrìn mìíràn. Òkun àti ọ̀sà ló to ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dó síbẹ̀. Orí yanrìn ni àwọn Àwórì kọ́ ilé sí. Àbàtà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹja, fún ọ̀pẹ àti igi ògùrọ̀, fún koríko tí wọ́n ń gé hun ẹní.

Láti àwọn ọdún 1970 ni nǹkan ti yí padà. Títì márosẹ̀ dé. Ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ títí dòní. Ọgbà Trade Fair gba àlejò àkọ́kọ́ ní 1977. Ìjọba Lateef Jakande kọ́ ẹ́sítéètì Ìbà, ó sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní 1983. Ọjà Alábà fẹ̀ títí ó fi di ọjà tí gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń wá. Nígbà tí ibi gíga tán, àwọn típà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sínú àbàtà, ẹ̀rọ sì ń fa yanrìn jáde láti ìsàlẹ̀ odò kí àwọn típà lè rí nǹkan kó. Iṣẹ́ náà kò tíì dúró.

Ní báyìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún dídá ilẹ̀ àti omi tó bàjẹ́ padà sípò, ọ̀rọ̀ ìdápadà ti di ohun tí ìjọba, iléèwé àti ìjọ ń sọ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni pé kí wọ́n gbin igi. Ní tèmi, fún Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, igi ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn. Omi ló ṣáájú, koríko tẹ̀lé e, igi tó bá yẹ yóò sì wá fúnra rẹ̀ tàbí kí a fi ọwọ́ díẹ̀ kún un. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè dúró, a ní láti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tí ó le ju bí ó ti rí lójú lọ: kí ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Èwo ni ti ìbílẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Sówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló fún wa ní ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù. Iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe ni kíka ìyẹ̀fun òdòdó tó ti bọ́ sínú ẹrẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìyẹ̀fun òdòdó igi kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀, kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀ nínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lè máa ka ìtàn igbó láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Ní Ahanve, nítòsí Badagry, ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fi hàn pé ẹ̀gbà, igi onígbòǹgbò gíga tí ń gbé inú omi iyọ̀, kún agbègbè náà nígbà kan. Nǹkan bí 3,100 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀gbà pòórá níbẹ̀ lójijì. Ohun tó wá rọ́pò rẹ̀ ni àwọn ewéko omi tí kò níyọ̀, koríko, àti ọ̀pẹ tó ń pọ̀ sí i.

Ìwọ̀-oòrùn Èkó wà létí ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní àlàfo Dahomey. Igbó ńlá tó na láti Gíní wá sí Gánà dá dúró níbẹ̀, ọ̀dàn sì wọlé láti àríwá dé etí òkun, ní ilẹ̀ Tógò àti Benin, kí igbó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìyẹ̀fun òdòdó láti inú adágún Sélé ní gúúsù Benin fi hàn pé igbó wà níbẹ̀ rí, àti pé nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ọ̀gbẹlẹ̀ ṣí i sílẹ̀ fún koríko. Ọwọ́ ènìyàn, oko àti iná, wá fi kún un lẹ́yìn náà. Ọ̀jọ́ kò sí láàárín àlàfo yìí, òjò wa pọ̀ ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n a wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nígbà tí àlàfo náà bá sì fẹ̀ tàbí tó bá dínkù, ilẹ̀ wa ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n.

Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tó fẹ́ dá nǹkan padà kò kéré. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí pé bí ilẹ̀ yìí ṣe rí lọ́jọ́ náà ni ó yẹ kó rí títí ayé. Mo ti gbọ́ kí ènìyàn máa sọ pé igbó kìjikìji ló yẹ kí a dá padà sí gbogbo Èkó, ẹlòmíràn ní ẹ̀gbà ni. Ẹ̀gbà dára níbi tí omi òkun ń dé, ní ìsàlẹ̀ odò tó súnmọ́ èbúté Èkó. Bí a bá wá kó o lọ sí àbàtà ẹ̀yìn Ìbà, níbi tí omi òjò àti omi odò nìkan ti ń gbà, yóò kú, a ó sì sọ pé ìdápadà kò ṣeé ṣe. Ohun tó bá ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ mu lónìí ni a gbọ́dọ̀ wá: ní kòtò tó máa ń lómi, làbẹ̀làbẹ̀ àti àwọn koríko etí omi, òṣíbàtà àti ojú oró níbi tó jìn, igi ògùrọ̀ àti abùrá níbi tí ẹrẹ̀ ti nípọn, lórí yanrìn, koríko tó fọ́nká pẹ̀lú ọ̀pẹ.

A ti fojú tín-ín-rín koríko jù

Àwa ọmọ ilẹ̀ igbó máa ń rí koríko bí ilẹ̀ tí ó ń dúró de ẹni tó máa lò ó. Ní Okokomaiko, ilẹ̀ tó bá hu koríko, ilẹ̀ ahoro ni lójú gbogbo ènìyàn: ọmọ onílẹ̀ ti ń wọ̀n ọ́n, ẹlòmíràn ti ń da pàǹtírí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọdọọdún ni àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin, òun ni wọ́n fi ń bo òrùlé, òun náà sì ni àmì pé wọ́n ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ ọdún Bẹẹrẹ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, S. O. Babáyẹmí sì kọ nípa rẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1973. Bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń ka ọdún tí ọba lò lórí oyè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé èyí tó tó, wọ́n á sun pápá, kí koríko tútù lè yọ. Ọba tó ní ìlú púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀ fi koríko ṣe ìṣákọ́lẹ̀, ó sì ní àkókò gígé àti àkókò sísun. Ìṣàkóso ilẹ̀ ni èyí, kò sì sí ohun tó yẹ kó tì wá lójú níbẹ̀.

Nínú igbó ọba Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní 1929 tí gbogbo ayé ṣì ń tọ́ka sí. Ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n pín. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ pátápátá tí iná sì gbóná jù. Wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì kù lára koríko. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Ọdún 28 lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ igbó Charter àti Keay wọn ohun tó hù. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960. Èyí tí iná kò dé ti di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun nípẹ̀kun ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ pápá koríko tó tẹ́jú, pẹ̀lú ìwọ̀nba igi tí èèpo wọn nípọn. Èyí tí wọ́n ń tètè sun wà láàárín méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, iná nìkan ló yàtọ̀.

Nínú ọgbà ẹranko Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, títètè sun pápá ṣì jẹ́ ara iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ títí dòní, kí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń pa gbogbo nǹkan má baà rí ohun jó. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà, tí wọ́n ti fi ohun ìtúlẹ̀ pa pápá koríko gíga wọn run títí tó fi ku díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìlú Madison, ní Wisconsin, láàárín àwọn ọdún 1930, yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko ìbílẹ̀ padà sórí oko tí wọ́n ti pa tì. Curtis Prairie ni orúkọ rẹ̀ lónìí, òun sì ni àgbà nínú gbogbo pápá tí ènìyàn dá padà. Koríko ilẹ̀ òkèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ohun tí wọ́n gbìn títí tí wọ́n fi mú iná wọ iṣẹ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Curtis Prairie lẹ́yìn náà ló kan wa jù. Ìlú yí i ká. Omi òjò láti orí títì àti òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ láti inú àgbàlá àwọn ènìyàn. Koríko àjèjì kan tó fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀ gba apá ibi tó rọ̀, títí tí èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún gbìn fi pòórá níbẹ̀. Wọn kò rí i yanjú nípa gbígbìn mìíràn. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ìlú ni ó dà. Ẹni tó bá mọ bí omi ṣe ń ṣàn láti títì márosẹ̀ wọ ẹ̀yìn Okokomaiko lọ́jọ́ òjò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Ní ti iná, kí n sọ ọ́ kedere kí ẹnikẹ́ni má ṣi mí gbọ́: ọgbọ́n Olókèméjì kì í ṣe ohun tí a lè gbé wá sí Ọ̀jọ́ ní tààrà. Ilé ti fún mọ́ ara wọn, àwọn páìpù epo sì gba abẹ́ àbàtà apá ìwọ̀-oòrùn Èkó kọjá. Ìbúgbàù Abule Ado ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020 kò tíì jìnnà sí ọkàn ẹnikẹ́ni ní agbègbè yìí. Níbí, àdá àti omi ni yóò ṣe iṣẹ́ tí iná ń ṣe lókè ọ̀dàn. Àbàtà tó bá ń kún tó sì ń fà bó ṣe yẹ ń pa ohun tí kò yẹ kó hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Igi tí a ń gbìn

Láti 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún gbígbin igi. Ó ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ fún ọgbà àti igi, LASPARK, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ibi tí pàǹtírí kún di ibi tí ojú ń fẹ́ wò. Mo mọ rírì rẹ̀; ìbòòji lójú títì kì í ṣe nǹkan kékeré nínú oòrùn Èkó. Síbẹ̀, koríko kápẹ́ẹ̀tì, igi másíkírédì tó ga ṣóńṣó àti ọ̀pẹ òyìnbó tí a tò sí ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe ìdápadà ohun ìbílẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀gà díẹ̀ ni yóò rí ohun tí yóò fi kọ́ ilé níbẹ̀. Ọ̀yà kò ní rí oúnjẹ rárá. Omi òjò á sì gba orí rẹ̀ ṣàn kọjá nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti le.

Àṣìṣe yìí tóbi ju Èkó lọ. Nínú ètò tí a ń pè ní AFR100, Nàìjíríà jẹ́jẹ̀ẹ́ láti dá hẹ́kítà mílíọ̀nù mẹ́rin padà sípò. Àwọn onímọ̀ bíi Kate Parr ti kìlọ̀ pé púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹ́ gbin igi sí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀dàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe igbó tí ẹnìkan gé. Bí o bá gbin igi bo ọ̀dàn, o pa á run ni. Nílẹ̀ wa gan-an ni a ti rí àpẹẹrẹ burúkú: irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Éṣíà láti fi dá igbó ni ewé Akíntọ́lá bá wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Wò ó lónìí. Kò sí ilẹ̀ tí wọ́n bá tú ní Ìbà tàbí Igbó-Ẹlẹ́rin tí ewé náà kì í kọ́kọ́ gbà.

Ohun tó ń bọ̀ láti inú omi

Àlejò inú omi le ju ti orí ilẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí gbéborùn (water hyacinth) ní odò Badagry. Omi Porto-Novo ló gbé e wọlé. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti tàn dé gbogbo ọ̀sà láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ń ràn wá lọ́wọ́ ní apá tó súnmọ́ èbúté Èkó, nítorí pé omi iyọ̀ wọlé láti òkun, gbéborùn kò sì fẹ́ iyọ̀. Ní ọ̀sà Ologe, lẹ́yìn Ọ̀tọ̀-Àwórì, kò sí ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Omi ibẹ̀ kò níyọ̀ láti January dé December, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9.4 níbùú lóròó, odò Ọ̀wọ̀ ń gbé omi wá sínú rẹ̀, ìdọ̀tí láti àwọn iléeṣẹ́ Àgbárá sì ń bá odò wọlé. Àwọn olùwádìí ẹ̀ka ẹja ní LASU ti wọn irin wúwo nínú omi ọ̀sà yìí, nínú ẹja rẹ̀, àti nínú gbéborùn fúnra rẹ̀, tó ń fa irin náà mu láti inú omi.

Ìyẹn ló mú kí n má fi ọkàn tán gbogbo ètò tó ní kí a kàn máa fi ẹ̀rọ kó gbéborùn kúrò. Ohun tó ń bọ́ ọ ṣì ń wọlé. Fífi í hun agbọ̀n dára, ó ń fún àwọn ènìyàn níṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé agbọ̀n yóò tán an.

Àwọn aládùúgbò wa ní Benin ṣe ohun tó gbéṣẹ́ ju èyí lọ. Láti 1991, iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Kútọnù bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn kòkòrò kékeré tó ń jẹ gbéborùn nìkan sínú omi gúúsù Benin. Ìwádìí tí De Groote àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2003 ṣírò pé nígbà tí gbéborùn pọ̀ jù, owó tó ń wọlé fún nǹkan bí 200,000 ènìyàn etí omi fi mílíọ̀nù dọ́là 84 dínkù lọ́dún. Àwọn kòkòrò náà sì dá mílíọ̀nù dọ́là 30.5 padà fún wọn lọ́dọọdún. Apẹja àti obìnrin tó ń ta ẹja ló rí owó náà gbà. Odò kan náà ni. Omi Porto-Novo ló ń ṣàn kọjá iwájú Badagry wá sí Ọ̀jọ́. Láti ọdún 2000 ni Benin ti fi ọ̀sà Porto-Novo àti àbàtà odò Wémẹ̀ sínú ìwé àdéhùn Ramsar fún ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì. Nàìjíríà ní ibi 11 nínú ìwé náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ tí ọ̀sà àti odò gba nǹkan bí ìdá márùn-ún ilẹ̀ rẹ̀. Èyí dùn mí gidigidi.

Ta ló tọ́jú èyí tó kù?

Ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà ní Lekki ni ẹni tó bá fẹ́ rí bí Èkó ṣe rí tẹ́lẹ̀ máa ń lọ. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀, ni ó ni ọgbà náà. Iléeṣẹ́ Chevron ló kọ́ ọ fún wọn ní 1990. Hẹ́kítà 78 ni, àbàtà wà níbẹ̀, igbó wà, koríko ọ̀dàn wà, ọ̀bọ ń fò lórí igi. Ó yẹ kí a dúpẹ́ pé ẹnìkan ronú bẹ́ẹ̀ kí ẹ́sítéètì tó gba gbogbo Lekki. Ṣùgbọ́n irú ọgbà bẹ́ẹ̀ nílò ilẹ̀ tó fẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì pín, àti iléeṣẹ́ olówó tó máa ná an. Ní Ọ̀jọ́ lónìí, méjèèjì ṣòroó rí.

Ibi tí koríko àti àbàtà ìbílẹ̀ ṣì kù sí ní agbègbè wa jẹ́ ibi tí ohun mìíràn ti dáàbò bò wọ́n láìmọ̀. Inú ọgbà LASU wà nínú wọn, níbi tí kíláàsì kò tíì dé. Bárékè àwọn sójà ní Ọ̀jọ́ wà nínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà páìpù epo àti abẹ́ wáyà iná ńlá wà nínú wọn, nítorí pé òfin kò gbà kí ènìyàn kọ́lé síbẹ̀. Etí kánáàlì wà nínú wọn, níbi tí wọn kò bá tíì gbà á. Àwọn igbó Orò ìlú Àwórì náà wà níbẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ fẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 tí UNESCO fi sínú ìwé ní 2005, fi hàn pé ohun tí ìlú bá kà sí mímọ́ lè dúró láàárín ìgboro. Ẹ̀rù kò tó láti fi tọ́jú rẹ̀ mọ́, pàápàá níbi tí olùgbé tuntun ti pọ̀ ju onílẹ̀ lọ. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ ààlà igbó Orò sílẹ̀ nínú àwòrán ìlú, tó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà tó ń ṣe é, kò ní náni lówó púpọ̀.

Àwọn ènìyàn kan tún wà tí a kì í ka iṣẹ́ wọn mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olóko ẹ̀fọ́ ní Tedi, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sórí ilẹ̀ tó rọ̀, kò da yanrìn sínú ilẹ̀ náà. Wọ́n ń lo ọ̀rinrin rẹ̀ bó ṣe wà. Oko ẹ̀fọ́ kì í ṣe àbàtà ìbílẹ̀, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sì ń wọ omi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n wà ṣì lè padà di àbàtà lọ́la. Èyí tí típà ti da yanrìn lé lórí dé òkè ẹsẹ̀ méje kò lè padà mọ́ láìná owó tí kò sẹ́ni tó ní in. Lójú tèmi, ìdáàbòbò àwọn olóko yìí lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ àti àwọn aláṣẹ ṣe pàtàkì ju gbígbin igi ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Ó tún yẹ kí a rántí ẹni tó ń gbé nínú àbàtà tí wọ́n ti dí. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹlòmíràn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ó fi owó ọdún mẹ́wàá kọ́lé, omi sì ń wọ yàrá rẹ̀ ní gbogbo June. Ètò ìdápadà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú katapílà tó ń wó ilé aláìní kò ní rí ẹni tó máa tì í lẹ́yìn, kò sì yẹ kó rí. Àbàtà tí kò tíì ní ilé lórí ni kí a kọ́kọ́ dá dúró.

Ohun tó ṣeé ṣe

Igi gànǹgàn kò gbọdọ̀ gún wa lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìpele kejì Blue Line yóò kọjá lórí àbàtà, gọ́tà ńláńlá yóò sì bá a rìn. Bí wọ́n bá kọ́ gọ́tà náà kí ó máa gba omi jáde kúrò nínú àbàtà lọ sínú odò kíákíá, ilẹ̀ olómi tó kù láàárín Ìyànà-Ìbà àti Okokomaiko yóò gbẹ láàárín ọdún mélòó kan, ewé Akíntọ́lá á sì gbà á. Bí wọ́n bá jẹ́ kí omi kọ́kọ́ tàn sínú àbàtà kó tó jáde díẹ̀díẹ̀, omi ojú títì á dínkù, koríko etí omi á sì dúró. Orí tábìlì àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń pinnu èyí, kò sì sí aṣojú làbẹ̀làbẹ̀ níbẹ̀. LASU ní ẹ̀ka ewéko àti ẹ̀ka ẹja. Wọ́n yẹ kó wà lórí tábìlì náà.

Lẹ́yìn omi, kí a mú ewé àjèjì kúrò níbi tí a bá ti dá omi dúró, pẹ̀lú ọwọ́ àti àdá, kí ó tó so. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì da yanrìn lé ṣì ní irúgbìn ìbílẹ̀ tó sùn sínú ẹrẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá padà dé, púpọ̀ nínú wọn á hù láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Níbi tí wọn kò bá hù ni kí a ti wá irúgbìn, kó sì jẹ́ láti inú àbàtà tó súnmọ́ wa jù, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ igi ògùrọ̀ àti abùrá tó kàn.

Ohun àkọ́kọ́ gan-an ni kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni lókè. Kò sí ìwé tó wà lọ́wọ́ ará Ọ̀jọ́ tó sọ ohun tó ń hù ní àbàtà kọ̀ọ̀kan láti Trade Fair dé Okokomaiko. Akẹ́kọ̀ọ́ ewéko, apẹja Ègùn tó mọ orúkọ gbogbo koríko etí omi, àti àgbà Àwórì tó rántí ibi tí omi ń gbà kí títì tó dé, lè ṣe é papọ̀. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni àbàtà ṣeé rìn. January sí February tó ń bọ̀ yóò tó fún ọgbà LASU àti etí kánáàlì rẹ̀, kí òjò oṣù Kẹta tó ti ojú ọ̀nà padà.